Èwo Ni Ká Wò Lálẹ́ Òní? Ìfiwéra Àwọn Fíìmù àti Eré Yorùbá fún Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Iná mànàmáná kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́, dátà náà sì ti wọ́n gógó. Ẹni tó bá rí wákàtí méjì àbọ̀ gbà lálẹ́ Sátidé, ì báà jẹ́ ní Ìjàpọ̀ tàbí ní Yàbá l'Óǹdó, kò yẹ kó fi ìdajì rẹ̀ wá ohun tó máa wò, kó wá fi ìdajì tó kù kábàámọ̀. Ìdí nìyí tí a fi to àwọn fíìmù àti eré tí ariwo wọn pọ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní méjì-méjì, kí kálukú lè mú èyí tó bá ilé rẹ̀ mu.

Ẹ má fi iye ẹṣin tàbí bí aṣọ òfì ṣe ń dán yan fíìmù. Ní báyìí, gbogbo wọn ló ní aṣọ, gbogbo wọn ló ní kámẹ́rà tó mọ́ kedere. Ohun méjì la fi ń wọ̀n wọ́n: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré, àti bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ níparí ti ní gbòǹgbò láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá gún régé, ẹ lè dìde lọ ro ọkà nínú ilé ìdáná, kí ẹ ṣì máa gbọ́ ọ, kí ó sì máa yé yín. Èyí tí kò bá gún, bí wọ́n sun ìlú mẹ́wàá níná nínú rẹ̀, oorun ló máa gbé yín lọ.

Aníkúlápó àti Jagun Jagun

Àwọn méjì yìí ni èèyàn kọ́kọ́ máa ń gbé kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé orí fíìmù ayé àtijọ́. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan dé orí Netflix ní òpin oṣù Kẹsàn-án 2022. Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, tí Adébáyọ̀ Tìjání àti Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ darí, dé ní oṣù Kẹjọ 2023.

Aníkúlápó gùn tó ìṣẹ́jú 142, ṣùgbọ́n a fara mọ́ gígùn rẹ̀. Sàró ahunṣọ wọ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òfo, ó bọ́ sábẹ́ Awarun, obìnrin olówó tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, ó tún wá gbójú sókè wo Arólákẹ́, olorì Aláàfin. Wọ́n lù ú pa, ẹyẹ àkàlà jí i dìde. Agbára àjíǹde yìí ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá ní ìlú àjèjì, agbára yìí kan náà ló sì kó o sí wàhálà. Kò sí ohun tó ṣàdédé já lulẹ̀ lójijì níparí. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ ṣọ́ àdó kékeré tí ẹyẹ náà gbé wá, ẹ sì kíyè sí ọwọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sí nínú igbó yẹn. Wọn ò pariwo ibẹ̀, wọn ò fi ìlù tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìdajì kejì fíìmù náà ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá lọ gbé omi lásìkò náà yóò máa béèrè níparí pé báwo ló ṣe jẹ́.

Àléébù rẹ̀ wà. Sàró yára yí padà jù nígbà tí owó dé. Ọkùnrin tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹni tó mọ obìnrin-ín bá sọ̀rọ̀ dédé di agbéraga láàárín ìran mélòó kan, a ò rí ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ yí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Kúnlé Rẹ̀mí tó ṣe Sàró náà dà bíi ti ẹni tó há a sórí níbì kan, a sì tètè mọ̀ ọ́n nítorí pé Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé dúró níwájú rẹ̀, èdè sì ń ṣàn lẹ́nu ìyẹn bí omi. Bímbọ́ Adémóyè tó ṣe Arólákẹ́ ló gbé fíìmù yìí dúró. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàfin, ojú rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ìran ìfẹ́ wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ẹ jókòó wò pẹ̀lú ọmọ tàbí pẹ̀lú ìyá ìyàwó.

Jagun Jagun ní tirẹ̀, ogun ló wá jà. Gbọ́tìjà, tí Lateef Adédìméjì ṣe, lọ kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Ògúndìjì, olórí ogun kan, nítorí kí ó lè gbẹ̀san bàbá rẹ̀, kó tó rí i pé ogun títà ni òwò ọkùnrin náà. Ìdajì àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń dán àwọn ọmọ ogun wò, dùn gan-an: òfin wà, ìyà wà, ẹni tó bá kùnà mọ ohun tó máa bá a. Ibi tí fíìmù náà sì ti wọ inú ọkàn jù ni ìpín Gbógunmi, tí Ibrahim Yẹkini tí gbogbo ayé ń pè ní Ìtẹ̀lé ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Oògùn pọ̀, kò sì sí òfin fún oògùn. Idà kò ran ẹnì kan lónìí, igi lásán gbé ẹlòmíràn lọ lọ́la, ẹni tó ń wò ó ò sì mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù mọ́. Gbogbo fíìmù ogun tó bá ṣe báyìí ló máa ń pàdánù ẹ̀rù, nítorí pé a ò lè dààmú nípa ẹni tí a ò mọ ohun tó lè pa á.

Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó yí po, tí ẹ sì fẹ́ jiyàn lé e lórí lọ́jọ́ kejì, Aníkúlápó ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló pọ̀ nínú ilé, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé tí kò sí ẹni tó máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, Jagun Jagun ló máa dára jù, nítorí pé ojú lẹ ó fi wò ó ju etí lọ.

House of Ga'a àti Lísàbí

Ìtàn gidi ni méjèèjì, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, Ọ̀yọ́ ló sì wà láàárín méjèèjì: ọ̀kan láti inú ààfin, èkejì láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ààfin ń fìyà jẹ. Ẹ wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ààyè bá wà.

Bọ́láńlé Austen-Peters ló gbé House of Ga'a jáde ní oṣù Keje 2024. Baṣọ̀run Gáà di agbára Ọ̀yọ́ mú láti nǹkan bí 1754 títí di 1774, ó ń yan ọba, ó sì ń lé ọba lọ sí ọ̀run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Fẹ́mi Branch ló ṣe Gáà, a ò sì rò pé ẹlòmíràn lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí yàrá dákẹ́. Àmọ́ ogún ọdún ni wọ́n ń sáré tò pọ̀. Ọba kan gorí ìtẹ́, kí a tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa ó ti ṣígbá wò, òmíràn ti jókòó. Fíìmù náà ò tún fún wa láyè tó láti rí ìdí tí àwọn ará ìlú fi fẹ́ràn Gáà nígbà kan. Ìdí yẹn ṣe pàtàkì: bí a ò bá ti rí i pé wọ́n fẹ́ ẹ, ìṣubú rẹ̀ kò ní dùn wá. Ẹni tó ti ka eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lórí Gáà nílé ìwé yóò rí àlàfo yìí kíákíá. Àwọn ọ̀dọ́ inú fíìmù náà, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ń sọ Yorùbá tó dà bíi pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹ má fi han ọmọdé.

Lísàbí pín sí méjì: The Uprising dé ní oṣù Kẹsàn-án 2024, A Legend Is Born tẹ̀lé e ní oṣù Kìíní 2025. Níyì Akínmọ́láyan ló darí rẹ̀, Lateef Adédìméjì ló sì ṣe Lísàbí fúnra rẹ̀. Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni àáró. Àgbẹ̀ ọmọ Ẹ̀gbá ni Lísàbí. Ó kó àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n máa ro oko ara wọn ní ìyípo, lábẹ́ iṣẹ́ oko yìí ló sì ti kó ọmọ ogun jọ lójú àwọn Ìlàrí tí Ọ̀yọ́ rán wá gba ìṣákọ́lẹ̀, tí wọn ò fura. Ẹni tó bá ti ṣe àáró rí lóko kòkó lápá Ìdànrè tàbí Òkè-Igbó yóò mọ̀ pé ọgbọ́n yìí ò ní àbùkù: ta ló máa fura sí ogójì ọkùnrin tó gbé ọkọ́ àti àdá dání lójú oko?

Àbùkù rẹ̀ ni pé apá kìíní ń tẹnu mọ́ ìkà àwọn Ìlàrí jù. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó wọ̀ wá lára. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í le sí i. Àkókò tí wọ́n fi ṣe ìyẹn ni ì bá dára bí wọ́n bá fi fi hàn wá bí àáró ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an: ta ló ń ka ọjọ́, ta ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó lè tú àṣírí. Ohun kejì ni pé apá kìíní ò parí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ tí ẹ ò bá ní àyè fún èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹ ó ti gbàgbé ẹni tó dalẹ̀.

Bí a bá ní kí a fi òṣèré kan ṣoṣo yàn, House of Ga'a ló borí nítorí Branch. Bí ó bá jẹ́ ìtàn tó kọ́ni bí àwọn èèyàn kékeré ṣe ń gba ara wọn sílẹ̀, Lísàbí ni, àléébù rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ sọ níbí nítorí pé ó ń dùn wá. Ọ̀yọ́ ti rí fíìmù ńlá, Ẹ̀gbá ti rí tirẹ̀. Ìtàn sọ pé obìnrin ni Pùpùpù tó kọ́kọ́ jọba l'Óǹdó. Àkúrẹ́ ní Aṣọdẹbóyèdé ọlọ́dẹ tó tẹ ìlú dó. Ọmọ Òkè-Igbó sì ni Fágúnwà, ẹni tó kọ́ gbogbo Yorùbá bí a ṣe ń fi ojú inú rí igbó iwin. Ohun èlò kò wọ́n wa rárá. A fẹ́ gbọ́ ohùn ìhà ibí lẹ́nu òṣèré tó ń ṣe ọba àti ìjòyè, kí ó má jẹ́ pé ẹrú tàbí àlejò tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín nìkan ló máa ń sọ ẹ̀ka èdè. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ yín la ń wò.

Àyìnlá àti Ẹlẹ́ṣin Ọba

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká mú fíìmù kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí a dárúkọ, Àyìnlá la máa mú. Túndé Kèlání gbé e wá sí sinimá ní oṣù Kẹfà 2021. Ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà ni, ọba àpàlà Abẹ́òkúta, ẹni tí wọ́n la ife ọtí mọ́ lórí ní ilé ọtí ní 6 oṣù Karùn-ún 1980, tó sì kú. Gbogbo èèyàn ló mọ bó ṣe máa parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọkàn ò balẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé Kèlání ò sáré lọ síbi ìjà. Ó jókòó ti orin, ó jókòó ti ìbínú kékeré-kékeré tó ń ga láàárín Àyìnlá àti mánéjà rẹ̀ títí tí kò fi ṣeé pa mọ́ra mọ́. Lateef Adédìméjì fi ara ṣe é: bó ṣe ń gbé èjìká, bó ṣe ń yíjú kúrò lára ẹni tó bí i nínú kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti rí i nínú Lísàbí nìkan kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Biyi Bandele wá láti inú Death and the King's Horseman, eré orí ìtàgé tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1975, lórí ohun tí Ṣóyínká ní ó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ní 1946. Bandele kú ní oṣù Kẹjọ 2022, kí fíìmù náà tó dé Netflix ní oṣù Kọkànlá. Ìṣẹ́jú 96 péré ni. Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó yẹ kó bá ọba tó wàjà lọ. Fún ẹni tó ti ka eré náà, ó tọ́ láti wò ó, pàápàá nítorí Shaffy Bello tó ṣe Ìyálọ́jà: níparí, nígbà tó dojú kọ Ẹlẹ́ṣin, kò gbé ohùn sókè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń gé bí abẹ. Fún ẹni tí kò kà á, ìṣòro wà. Ewì eré yẹn wúwo, orí ìtàgé ni wọ́n sì dá a sí, níbi tí èèyàn ti lè dúró sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú òṣèré, ọ̀rọ̀ gígùn náà di ẹrù. Ìran ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Ẹ ní sùúrù fún un títí di ìgbà tí ọmọ Ẹlẹ́ṣin bá dé láti Ìlú Òyìnbó, nítorí pé láti ibẹ̀ ni fíìmù náà ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àgbà tó mọ àpàlà: Àyìnlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka lítíréṣọ̀: Ẹlẹ́ṣin Ọba, kí ó ka ìwé rẹ̀ tán kó tó wò ó.

Eré alápá mẹ́fà: èwo ló tó àkókò yín?

Aníkúlápó ní ìtẹ̀síwájú, Rise of the Spectre, tó jáde ní oṣù Kẹta 2024. Apá mẹ́fà ni. Fẹ́mi Adébáyọ̀ náà gbé Seven Doors jáde ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, apá mẹ́fà ni òun náà.

Ẹ má wo Rise of the Spectre láì tíì wo fíìmù àkọ́kọ́. Kò ní yé yín. Àwọn tó wò ó tán pín sí ọ̀nà méjì, a sì mọ ìdí. Nígbà tí Awarun àti àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ bá ń jìjàdù agbára, eré náà dùn ju fíìmù tó bí i lọ. Nígbà tó bá padà sọ́dọ̀ Sàró, ó fà. Okùn ìtàn pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ń gbé ọ̀kan sílẹ̀ lọ gbé òmíràn, tí wọ́n bá sì padà dé orí ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin fúnra yín á ní láti ronú kí ẹ tó rántí ibi tó dúró. Ẹ wò ó ní apá méjì lálẹ́ kan. Bí ẹ bá ń wo ẹyọ kan lọ́sẹ̀, ẹ ó sọ okùn nù.

Seven Doors rọrùn láti tẹ̀lé nítorí pé ilé kan ló dúró lé. Ọkùnrin kan wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Amaka ọmọ Ìgbò, tí Chioma Chukwuka ṣe. Oyè bàbá dé, oyè náà sì ń béèrè pé kó fẹ́ ìyàwó sí i. Ìbéèrè inú rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́: kí ni ọkùnrin yóò ṣe bí ìlú àti ìyàwó bá fà á lápá méjèèjì? Chioma Chukwuka ló jẹ́ kó ṣeé gbà gbọ́. Kò sunkún púpọ̀, ó ń ka ohun tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí tọkọtaya ni ẹ jọ ń wò, èyí ni kí ẹ mú, àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ fún àríyànjiyàn.

Sinimá tàbí ilé?

A ò ní pẹ́ lórí èyí. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ló yẹ sinimá, fíìmù tó nílò ìrònú yẹ ilé. Àwọn fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé tó máa ń jáde ní oṣù Kejìlá ni àpẹẹrẹ: A Tribe Called Judah, ti 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá, Everybody Loves Jenifa ti 2024 sì tún kọjá ìyẹn. Ẹ̀rín àwọn tó jókòó tì yín jẹ́ ìdajì adùn wọn; bí ẹ bá dá wò ó lórí fóònù, ẹ ó máa rò pé ariwo kí ni wọ́n pa lé e lórí. Kí ẹ tó jáde nílé lọ sí sinimá ní Àkúrẹ́, ẹ pè wọ́n láti mọ agogo tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dín. Ọjọ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án máa ń rọ̀ ju ọjọ́ ọdún lọ.

YouTube: ibi tí owó ò sí, ibi tí ìtànjẹ wà

Ọ̀pọ̀ nínú wa, YouTube la ń wò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn òṣèré ńlá ń gbé iṣẹ́ tuntun síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣòro mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣeé rí kí ẹ tó fi dátà ṣòfò.

Èkíní, fíìmù àtijọ́ tí wọ́n tún sọ lórúkọ. Wọ́n á kọ “Latest Yoruba Movie” pẹ̀lú ọdún tó wà lóde sára fíìmù tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ fa fíìmù náà síwájú títí dé ìṣẹ́jú kẹwàá, kí ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ òṣèré. Bí ẹ bá rí fóònù onítẹ̀ nínú fíìmù tí wọ́n ní ọdún yìí ni wọ́n yà á, ó ti hàn. Ẹ sì ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan máa ń kọ orúkọ àtijọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Èkejì, ojú òṣèré ńlá lórí àwòrán iwájú, nígbà tó jẹ́ pé ìran méjì péré ló wà. Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe to orúkọ. Bí orúkọ ẹni tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá bá gbẹ̀yìn, ẹ má retí púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni omi inú ọbẹ̀. Fíìmù tó yẹ kó jẹ́ ìṣẹ́jú àádọ́ta, wọ́n á fà á dé wákàtí kan àbọ̀ nítorí ìpolówó ọjà. Ẹ máa rí i: mọ́tò wọ ilé, ẹnu ọ̀nà ṣí, ẹni náà sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó kan ilẹ̀kùn, wọ́n kí ara wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tó bá wá. Bí ìran méjì bá ti rí báyìí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ pa á. Kò ní dára sí i. Ẹ tún fetí sí orin abẹ́lẹ̀: bí orin bá ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí dé òpin, nítorí pé ẹnì kan náà ló pa gbogbo ohùn rẹ̀ pọ̀.

Dátà, iná, àti fóònù

Lórí Netflix, ìwọ̀n àwòrán ló ń jẹ dátà. Èyí tó kéré jù ń jẹ tó 0.3GB ní wákàtí kan, ti àárín ń jẹ tó 0.7GB, èyí tó ga ń jẹ tó 3GB. Ẹ fi Aníkúlápó ṣírò rẹ̀: nǹkan bí 0.7GB, tàbí 1.7GB, tàbí 7GB. Fíìmù kan náà ni o! Lórí fóònù, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ àárín àti gíga. Ẹ wọ App Settings, ẹ tẹ Cellular Data Usage, ẹ mú Save Data.

Èyí tó tún sàn jù ni kí ẹ dáńlóòdù rẹ̀ ní òru pẹ̀lú dátà òru, tàbí níbi tí Wáífáì wà, kí ẹ mú Standard. Ọ̀nà yìí ló dára jù fún àwa tí iná wa ń lọ tó ń bọ̀: bí iná bá lọ, tí Wáífáì kú, fíìmù ò ní dúró. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ohun tí ẹ bá dáńlóòdù ní ọjọ́ tó máa parẹ́, àwọn míì sì máa ń parẹ́ ní wákàtí 48 lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ wọn. Ẹ má ṣí i wò díẹ̀ ní Mọ́ńdè tí ẹ bá fẹ́ wò ó ní Sátidé.

Ẹni tó bá ń san èyí tó kéré jù nínú owó Netflix, ìyẹn Mobile, kí ó mọ̀ pé fóònù àti tábílẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lé. Kò ní lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ilé lórí “kí ló dé tí kò fi jáde” ibẹ̀ ló ti ń wá. Bí ohùn bá sì jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tẹ ojú àwòrán, ẹ wá Audio & Subtitles, ẹ mú Yorùbá. Bí Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ bá ń dí ojú, ibẹ̀ náà lẹ ó ti pa á. A ń rọ̀ yín kí ẹ pa á. Òwe tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sísàlẹ̀ ti ṣófo, ojú yín á sì máa lọ síbẹ̀ dípò kí etí yín gbọ́ òwe gan-an.

Bí ọmọ bá wà nílé

Nínú gbogbo èyí tí a ti sọ, kò sí èyí tó bá ọmọ ọdún mẹ́wàá mu. Fún wọn, iṣẹ́ Kúnlé Afọláyan méjì ló wà tí ẹ lè fi wéra. Mokalik jáde ní 2019: ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, Jáyé, lo ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Kò sí ogun, kò sí oògùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀: mẹkáníìkì, rewáyà, olóúnjẹ, oníjà, kálukú pẹ̀lú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ń gba ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe kọjá lójoojúmọ́ yóò dá wọn mọ̀. Ó lọ́ra, ìyẹn la sì fẹ́ràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa yí fídíò TikTok lè sùn lọ ní ìdajì.

Ìjọ̀gbọ̀n jáde ní oṣù Kẹwàá 2023. Ọ̀dọ́ mẹ́rin ní abúlé rí àpò dáyámọ́ǹdì, wàhálà sì tẹ̀lé e. Ó yá ju Mokalik lọ, ó ní eré-sísá, ó ní ẹ̀rù, àwọn ọ̀daràn inú rẹ̀ sì le. Ó máa ń rọ̀ níbi tí àwọn àgbà bá ti dá sí i. Ẹ fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìjọ̀gbọ̀n, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í. Ẹ fi Mokalik fún ọmọ pírámárì, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí oúnjẹ ti délẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.